Àwọn Ènìyàn Tó Dorí Kodò Lára Fìlà

Òórùn irun àgùntàn tí òjò pa ni. Òun ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí ọmọ ọmọ mi tó ti ìlú òyìnbó dé ṣí àpótí rẹ̀ ní yàrá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó fa fìlà òtútù kan yọ, tó ní kí n máa fi bo etí mi nígbà ọyẹ́. Fìlà náà rọ̀, ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fi òwú pupa hun igi wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká lórí òwú funfun. Ọmọ náà rò pé inú mi yóò dùn. Ṣùgbọ́n ojú òwú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mo sì ní kí ó bá mi gbé e sórí tábìlì. Ìwọ tí a jọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé fún ọ̀pọ̀ ọdún, o ti bi mí rí ìdí tí n kì í fi í kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà, mo sì dá ọ lóhùn pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ni. Ojú mi mọ́ gaara nígbà yẹn.

Ohun mìíràn tún wà tó mú mi kọ èyí. Àwọn ìjọ Ìkìrun kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn fẹ́ fi orúkọ aya tíṣà wa àtijọ́ sọ gbọ̀ngàn tí àwọn kọ́ fún àwọn obìnrin, pé èmi nìkan ló kù láàyè nínú àwọn ọmọ tó tọ́, kí n wá sọ̀rọ̀ nípa inú rere rẹ̀. Ìyá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Wàá rí i pé n kò bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé yìí bí mo ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà yòókù. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti bọ̀wọ̀ fún un tó nígbà tó wà láàyè, ẹ̀rù ló sì ń jẹ́ ọ̀wọ̀ lẹ́nu mi.

Òkukù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kú kí n tó gbọ́n. Àbúrò wọn tó jogún ilé, tí mo ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n mú mi lọ sílé tíṣà ìjọ ní Ìkìrun, nítorí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ti rí i pé ẹni tó gbọ́ èdè òyìnbó kì í ru ẹrù fún ìjọba. Ṣùgbọ́n wọn kò gbára lé ìwé tán. Kí n tó kúrò nílé ni wọ́n ti fi mí ṣe àfẹ́sọ́nà fún àgbẹ̀ kan ní Inísà, ọkùnrin tó ti sin ìyàwó méjì. Ará Inísà ni Ìyá Tíṣà náà, òun ló bá ọkùnrin yìí wá mi rí. Ní ọjọ́ ọjà, ọkùnrin náà máa ń yà sílé tíṣà, á jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á ní kí n bu omi fún òun. Tí mo bá kúnlẹ̀ gbé igbá fún un, á di ọrùn ọwọ́ mi mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ọ̀pá iṣu wò bóyá ó lè dúró, á sì sọ pé, "Ọwọ́ yìí máa le." Kò jágbe mọ́ mi rí. Pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rù. Mo máa ń fi iyanrìn bó ọrùn ọwọ́ mi létí odò lẹ́yìn tó bá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Kékeré bá mi sọ kò gùn. Wọ́n ní, "Bí òyìnbó bá mú ọ lọ sílé ìwé ńlá, n ó dá gbogbo ohun tí ọkùnrin Inísà gbé wá padà fún un. Bí wọn ò bá mú ọ, kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, Inísà ni."

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó àlùfáà òyìnbó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú páànù ńlá kan lọ́wọ́. Ìyáàfin ni a ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ èmi àti ọmọbìnrin kan, àbúrò Ìyá Tíṣà, ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà méjì tí wọ́n ti wá ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ṣí páànù náà, òórùn yẹn jáde, òórùn àgùntàn tí òjò pa, mo sì rí òwú funfun àti òwú aláró tó wé bí ìtẹ́ ẹyẹ. Wọ́n ní àárẹ̀ ń ṣe ọkọ àwọn, pé ó ń padà lọ sí ìlú wọn, àti pé òtútù ibẹ̀ máa ń gé etí ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kí a hun fìlà fún un, kí ó lè dé e nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ tó bá hun èyí tó dára jù nínú àwa méjèèjì ni àwọn yóò mú lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Àyè ẹnì kan péré ló ṣẹ́ kù.

Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní abẹ́rẹ́ gígùn mẹ́rin àti ìwé kan tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú-ojú bí àwọ̀n ẹja. Níbi tí ojú ìwé bá funfun, kí a fi òwú funfun hun ún. Níbi tí wọ́n bá kùn ún, òwú aláró. Bí a bá hun gbogbo rẹ̀ tán, àwọn ènìyàn kéékèèké ni yóò hàn, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú yí fìlà náà po. Wọ́n ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ọkọ̀ fi fọn fèrè. Wọ́n sáré dìde, wọ́n ní, "Ẹ ṣáà tẹ̀lé ìwé títí n ó fi padà wá."

Mo tẹ̀lé ìwé. Láti etí fìlà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, a ó sì máa gùn ún lọ sókè títí dé ibi tí yóò kó orí mọ́. Àmọ́ ta ló sọ fún mi pé láti ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí n máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ìyá Tíṣà ló kọ́ mi ní a, b, d, ó sì fi pàṣán kọ́ mi pé òkè ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà òkè pátápátá, níbi tí orí àwọn ènìyàn náà wà, ni mo kọ́kọ́ hun mọ́ etí fìlà. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kì í tètè gbọ́ ọ̀rọ̀. Mò ń wo ojú kan, mò ń hun ojú kan, mo sì fi aṣọ wé iṣẹ́ náà kí ó má baà dọ̀tí, n kò rí ènìyàn kankan níbẹ̀.

Ìyá Tíṣà rí i. Ní ọjọ́ tí mo hun orí àwọn ènìyàn náà tán, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo fìlà, ó wo ìwé, ó tún wo ojú mi. Ó ní, "Ó dára. Máa bá a lọ." Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbá gbogbo àgbàlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í tètè gbàgbé. Mo ti dárí jì í fún pàṣán, mo ti dárí jì í fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n "Ó dára" yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí di òní.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ìyáàfin dé, mo hun ìlà tó kẹ́yìn lórí ìwé náà tán. Orí fìlà nìkan ló kù tí n ó kó mọ́. Ìyá Tíṣà pe gbogbo ọmọ ilé ìwé síta ní ọ̀sán gangan. Ó mú igbá kan, ó fi fìlà náà bọ̀ ọ́ kí ó lè tẹ́ dáadáa, ó sì gbé e ró níwájú wọn. Ìgbà yẹn ni mo rí wọn. Gbogbo wọn pátá, ẹsẹ̀ wọn wà lókè, orí wọn wà nílẹ̀, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ Òkukù," Ìyá Tíṣà wí. "Ẹni tó fẹ́ la òkun kọjá, òkú inú omi ló hun fún un."

Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n tún un hun."

"Kí o tú u? Òwú tí o bá tú á ká kò bí irun ìdí ewúrẹ́. Ohun tí o hun ni n ó gbé fún wọn. Bí òyìnbó bá kú sójú omi, kí ọlọ́pàá má wá bi mí léèrè, ìwọ ni kí wọ́n bi."

Kí o má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gbà á gbọ́. Ọmọdé ni mí, láti ilé wa ni mo sì ti gbé ẹ̀rù náà wá. Ìyá àgbà mi ní Òkukù kì í jẹ́ kí àpótí ìjókòó dojú bolẹ̀ nígbà tí ará ilé kan bá wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ àpótí bá ti ṣe wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò yóò ṣe yí sókè lọ́nà. Mo ti rí wọn tí wọ́n sáré jáde láti ibi oúnjẹ láti gbé àpótí kan ró. Èmi wá nìyí, mo ti yí ẹsẹ̀ ènìyàn tó pọ̀ sókè, mo sì fẹ́ gbé wọn lé orí ẹni tó ń lọ sójú òkun. Mo ń rí ojú àlùfáà náà nínú omi. Mo ń rí ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọlọ́pàá, mo ń rí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Inísà, àti ọwọ́ tó na jáde láti gba ọrùn ọwọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Tíṣà lọ sí ìsìnkú ẹbí rẹ̀ ní Inísà, ó ní òun ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, igbá tí fìlà náà bò wà níwájú mi. Àbúrò rẹ̀ jáde wá fọ ìkòkò. Ọmọbìnrin yẹn kò ní ìtìjú, gbogbo nǹkan ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Fìlà tirẹ̀ ti parí láti ọjọ́ pípẹ́, ihò ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

"Ará Òkukù," ó pè mí, "ojú rẹ ti wú bí àkàrà."

"Fi mí sílẹ̀."

"Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò bá mi gún iyán? Àbí o ti fẹ́ máa gún ti bàbá Inísà? Eyín rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀kọ ni kí o máa rò fún un."

Mo mú igi ìdáná, mo fẹ́ là á mọ́ ọn. Ó sá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú igbá náà, ó wọ́ ọrùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún wọ́ ọ sí èkejì. Ó yọ fìlà náà kúrò lórí igbá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára rẹ̀, ó yí i padà.

"Wò ó," ó wí. "Wọ́n ti dìde."

"Ẹnu fìlà ló wà lókè yẹn."

"O ti dí èkejì ni? Ihò ni méjèèjì. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe orí."

Mo wò ó títí. Òtítọ́ ni. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo lè fi okùn fà á pọ̀ bí ẹnu àpò, kí ó di orí. Ibi tí abẹ́rẹ́ wà, mo lè hun etí fìlà tuntun síbẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ fún mi, nígbà tó jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ ń du àyè kan. Ó ní, "Ọrùn ń dùn mí láti máa wo ẹni tó dorí kodò. Tèmi yẹn, òyìnbó méjì lè jọ dé e lẹ́ẹ̀kan." Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó wọlé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ náà lábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìjọ, ọyẹ́ ń fọ́ mi ní ètè, etí mi wà lójú ọ̀nà Inísà. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá Tíṣà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìyáàfin ń bọ̀ gan-an. Ó rí fìlà náà lórí igbá, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó mú un, ó ní, "Jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀." Nígbà tí a dé iwájú Ìyáàfin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìjọ, fìlà tèmi ló fi sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, fìlà oníhò yẹn ló fi lé mi lọ́wọ́. Tíṣà, ọkọ rẹ̀, ń ṣe ògbufọ̀. Tíṣà ti rí mi lábẹ́ igi ọsàn fún ọjọ́ méjèèjì. Wọ́n wo fìlà, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n wá ń wo ilẹ̀. Ìjọ yóò fi orúkọ àwọn náà sọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan.

Ìyáàfin gba fìlà tèmi lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ hun nǹkan, ojú òwú kọ̀ọ̀kan máa ń la ẹnu sókè bí ọmọ ẹyẹ tó ń dúró de ìyá rẹ̀. Nínú fìlà yẹn, àwọn ènìyàn dúró dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu òwú ló dojú kọ ilẹ̀. Ọwọ́ tó ti hun nǹkan rí nìkan ló lè rí i. Wọ́n sọ̀rọ̀, Tíṣà sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Wọ́n ní ta ló yí fìlà yìí padà, kí ló sì dé tó fi yí i?"

"Àbúrò mi ni," Ìyá Tíṣà dáhùn.

"Wọ́n ní kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nìyí. Ọmọbìnrin náà mọ ìdáhùn. Òun gan-an ló ni ín. Bó bá la ẹnu rẹ̀ báyìí, tirẹ̀ ni àyè náà. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì pa ẹnu mọ́. A kì í já àgbà nírọ́ níwájú àlejò, ìyẹn ni wọ́n fi tọ́ wa, fìlà oníhò náà sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Inísà ju ẹ̀rù Ìyá Tíṣà lọ. Mo ní, "Èmi ni. Láti òkè ni mo ti ka ìwé náà, wọ́n dorí kodò. Èmi ni mo yí wọn padà."

Ìyáàfin fún mi ní abẹ́rẹ́ pé kí n hun ìlà kan lójú àwọn. Mo hun ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú mi. Bí wọ́n ṣe yíjú ni Ìyá Tíṣà súnmọ́ etí mi, ó ní, "O gba oúnjẹ lẹ́nu ilé tó bọ́ ọ." Àbúrò rẹ̀ ló ru àpótí mi dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, "Má ka ìwé láti òkè mọ́ o," ó sì rẹ́rìn-ín. Mo gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ ọkọ̀. Mò ń bẹ̀rù pé bí mo bá dúpẹ́, ẹnì kan á gbọ́ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Oṣù méjì ni n kò fi sùn dáadáa, títí lẹ́tà fi dé pé àlùfáà gúnlẹ̀ láyọ̀, fìlà wà lórí rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù tán nìyẹn. Lẹ́tà kejì tó dé láti Ìkìrun ló sọ fún mi pé ọkùnrin Inísà ń bínú pé wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ òun, pé Ìyá Tíṣà sì ti fi àbúrò ara rẹ̀ fún un dípò mi. Ẹni tí wọ́n ní kí n wá yìn fún inú rere nìyẹn.

Mo rí ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti di olùkọ́, mo wọ bàtà, mò ń lọ sí Òkukù nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Inísà, àwọn obìnrin gbé ọjà wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó wà láàárín wọn, ó ru agbọ̀n iṣu, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ilé ọkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn, bóyá kò dùn mọ́ ọn, n kò mọ̀, nítorí bó ṣe ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ fèrèsé tèmi ni mo fa orí mi sẹ́yìn, mo fi ìwé bo ojú mi títí ọkọ̀ fi gbéra.

N ó lọ sí Ìkìrun. N ó sọ ohun tí Ìyá Tíṣà ṣe, kí wọ́n wá fi orúkọ tó bá wù wọ́n sọ gbọ̀ngàn wọn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí fìlà yìí ti wà lórí tábìlì mi, òun kọ́ ni mò ń rò. Gbogbo ayé mi ni mo fi sọ pé ẹ̀rù Ìyá Tíṣà ló bà mí jẹ́. Kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo fi ìwé bojú. Ẹni tó yí fìlà padà fún mi dúró síta pẹ̀lú iṣu lórí, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, òun sì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn.